Bí A Ṣe Lè Fi Ojú Ọmọ Kékeré Wo Ọjọ́ Tí A Jọ Ń Lò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta wá sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó fi ọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Mò ń bọ̀," ó sì kọrí sí ibi iṣẹ́. Ọmọ náà kò sunkún. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan, ó ń wo géètì. A pè é kí ó wá jẹun, ó ní ìyá òun ń bọ̀. A pè é kí ó wá ṣeré, ó ní ìyá òun ń bọ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó bú sẹ́kún, ẹkún náà sì pọ̀ débi pé ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé a nà án ni. Àwa àgbà mọ̀ pé nínú èdè wa, ẹni tó ń lọ ló máa ń sọ pé òun ń bọ̀, ó sì lè tó wákàtí mẹ́jọ kí a tó tún fojú kàn án. Ohun tí etí ọmọ náà gbọ́ ni pé ìyá òun ti wà lójú ọ̀nà, pé ó kù díẹ̀ kí ó yọ.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní oríkunkun lára ọmọ tó wà láàárín ọdún méjì sí mẹ́fà kì í ṣe oríkunkun. Ọmọ náà àti ẹni tó bí i jọ jí ní òwúrọ̀ kan náà, wọ́n sì jọ jẹ nínú ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí ojú wọn dé, bí àkókò ṣe ń rìn lọ́dọ̀ wọn, àti ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ ní létí wọn yàtọ̀ síra gidigidi. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún òbí, ìyá àgbà, alágbàtọ́ àti olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń lọ dúró níbi tí ọmọ dúró sí kí a tó bá a wí. N kò sọ pé kí a má bá ọmọ wí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí ọmọ rí, ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ kò ṣẹ̀ ni yóò máa bá a wí lé lórí.

Ẹ kọ́kọ́ wálẹ̀ dé gíga rẹ̀

Ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni gíga. Ọmọ ọdún mẹ́ta sábà máa ń ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 95, nítorí náà díẹ̀ báyìí ni ojú rẹ̀ fi yọ lókè tábìlì oúnjẹ. Ẹ wọn ọmọ yín láti ilẹ̀ dé ojú, kí ẹ wá kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ lóṣòó títí ojú tiyín náà yóò fi wà níbẹ̀, kí ẹ sì rìn bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé ilé ìdáná. Ó lè pa àwọn ará ilé lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é. Ẹ óò rí ìdí abọ́, ẹ kò ní rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ óò rí ọwọ́ ìkòkò tó yọ síta lórí sítóòfù, ẹ óò rí wáyà áyọ́ọ̀nù tó ń fì dirodiro, gbogbo wọn yóò sì dà bí ohun tí a gbé síbẹ̀ kí ọmọ lè fà á. Ọmọ tó fa ìkòkò omi gbígbóná lulẹ̀ kò mọ̀ pé omi wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ ìkòkò nìkan ni ó rí. Nítorí náà, kí ẹ tó máa pariwo pé kí ó má fọwọ́ kàn án, ẹ yí ọwọ́ ìkòkò sí apá ògiri, kí ẹ sì ká wáyà kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. A fẹ́ràn láti rán ọmọ létí apá àkọ́kọ́ òwe yìí, bẹ́ẹ̀ àwa fúnra wa ni a ti kó ohun tó yẹ kí ó wà lórí pẹpẹ wá sílẹ̀.

Ẹ wá gbé gíga yìí kan náà lọ sí ọjà. Nígbà tí àgbàlagbà bá wọ ọjà Bódìjà, ojú olọ́jà ni ó ń wò, àti àtẹ ata, àti ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Ọmọ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú kò rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Etí ìró ni ó ń rí, àti ẹsẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, ìdí agbọ̀n àti táyà ọmọlanke. Bí alábàárù bá ké "Àgò o!" láti ẹ̀yìn, àgbà yóò yà fún un, ọmọ kò mọ ibi tí igbe náà ti wá, ẹrù náà yóò sì gba òkè orí rẹ̀ kọjá bí òrùlé tó ń rìn. Òórùn gọ́tà sún mọ́ imú rẹ̀ ju tiwa lọ. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ kan, yóò gbé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó bá wa. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá jókòó sílẹ̀, tí ó ní kí a gbé òun, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ pọ̀n ọ́n bí ó bá ṣì ṣeé pọ̀n. Mo tilẹ̀ gbà pé ọgbọ́n kan wà nínú ọmọ pípọ̀n tí a kì í sábà sọ: yàtọ̀ sí pé ó ń tú ọwọ́ ìyá sílẹ̀ fún iṣẹ́, ó ń gbé ojú ọmọ dé ibi tí ojú àgbà wà, tí ọmọ fi ń rí bí a ṣe ń ná ọjà, bí a ṣe ń ka owó, àti bí ojú olọ́jà ṣe ń yí padà nígbà tí oníbàárà bá dá iye tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Awọ, ahọ́n àti etí

Awọ ara ọmọdé fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Ọwọ́ tó ti ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná láti ogún ọdún sẹ́yìn kò lè jẹ́rìí òtítọ́ nípa omi ìwẹ̀ ọmọ. Omi tí a pè ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè máa jó o lára. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ tàbí inú ọrùn ọwọ́ dán an wò, nítorí awọ ibẹ̀ kò tíì yigbì. Bí ọmọ bá sì ní ó gbóná, ẹ má ṣe bá a jiyàn, ẹ bu omi tútù sí i.

Ahọ́n rẹ̀ náà kò rí bí tiwa. Ọmọdé fẹ́ràn adùn ju àgbà lọ, ìkorò a sì máa hàn sí i ju bí ó ti ń hàn sí wa lọ. Ìdí nìyí tí ewúro tí a fọ̀ dáadáa, tí bàbá ń fi ìka lá, fi lè dà bí oògùn lẹ́nu ọmọ. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́fà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ oúnjẹ tí wọn kò mọ̀ rí. Ẹ má ṣe fi ipá rọ ọ́. Oúnjẹ tí a tì sí ọmọ lọ́fun pẹ̀lú ẹkún lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ bu ìwọ̀nba bí orí ìka sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ tí ó mọ̀, kí ẹ jẹ tiyín lójú rẹ̀, kí ẹ sì tún gbé e wá lọ́jọ́ mìíràn láìsí àṣẹ àti ẹ̀bẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa oúnjẹ ọmọdé sọ pé ó lè tó ìgbà 8 sí 15 kí ọmọ tó gba oúnjẹ tuntun, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kì í kọjá ìgbà mẹ́ta kí a tó máa ròyìn fún àlejò pé, "Eléyìí kì í jẹ ẹ̀fọ́."

Ní ti etí, àgbà lè jókòó síbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún, tí rédíò sì ń sọ̀rọ̀, kí ó ṣì gbọ́ ẹni tó ń pè é láti yàrá kejì. Agbára láti yọ ohùn kan kúrò láàárín ariwo kì í tètè gbó lára ọmọ. Ó ń dàgbà bọ̀ títí ọmọ yóò fi di ọ̀dọ́. Ọmọ tí ẹ ké pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ilé ìdáná, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ariwo ni gbogbo rẹ̀ létí rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú yín ṣe mẹ́rin, ẹ sọ ohun kan ṣoṣo, kí ẹ wá dákẹ́. Ibi tí mo ti rí i pé àgbà ń kùnà jù ni dídákẹ́ yìí. Ó ń gba àkókò kí ọ̀rọ̀ tó wọlé, kí ara sì tó dìde jẹ́ ẹ. Bí a bá tún un sọ kí ó tó dé ibẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni a dá a padà sí. Èmi máa ń ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá dáhùn orúkọ rẹ̀ níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́ pàápàá, ẹ gbé e lọ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò.

Àkókò

Nínú gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa àti wọn, ti àkókò ni mo rò pé ó ń fa ẹkún jù. Ẹ fetí sí ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń ròyìn pé, "Lánàá, a lọ sílé Màmá Ìjẹ̀bú," nígbà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́rin ti kọjá lórí ìrìn-àjò náà. Kò purọ́. Lọ́dọ̀ rẹ̀, àná ni gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ọ̀la ni gbogbo ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, ìsinsìnyí nìkan ni ó sì rí dì mú. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré" kò ní ìwọ̀n kankan létí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni "ó kù díẹ̀". "Ní ìrọ̀lẹ́" pàápàá kò ní, àyàfi bí a bá so ó mọ́ nǹkan tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe ni kí a fi ìṣẹ̀lẹ̀ rọ́pò aago. Àwọn baba wa tí kò ní aago mọ̀ ọ́n ṣe: wọ́n ní nígbà tí àkùkọ bá kọ, nígbà tí oòrùn bá kàn àtàrí, nígbà tí ewúrẹ́ bá ń wọlé. Mo sọ fún ìyá ọmọ wa yẹn pé kí ó má sọ pé òun ń bọ̀ mọ́, kí ó sọ pé òun ń lọ. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó ṣépè, nítorí pé "mò ń lọ" kò dùn létí Yorùbá, ó dà bí ìdágbére ẹni tí kò ní padà. Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú rẹ̀. Ó lóṣòó níwájú ọmọ, ó ní: "Mò ń lọ síbi iṣẹ́. Wàá jẹun, wàá sùn, wàá jí, wàá ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀, lẹ́yìn náà ni màá dé." Nǹkan mẹ́rin ni, ọmọ lè fi ìka kà wọ́n, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì ti kọjá, àwa tí a wà pẹ̀lú rẹ̀ yóò rán an létí iye tó kù. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun bá ti to àwọn nǹkan náà, dandan ni kí òun dé lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí ìyá yìí pẹ́ lẹ́yìn yẹ̀pẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi tún nǹkan ṣe.

Bákan náà ni nígbà tí a bá fẹ́ mú ọmọ kúrò nídìí eré. "Ó tó, jẹ́ ká lọ," lójijì, dà bí ìgbà tí ẹnìkan pa rédíò nígbà tó ku gbólóhùn kan kí ìròyìn parí. Ẹ sọ fún un pé, "Gun àkàsọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì sí i, lẹ́yìn náà a ó wọ bàtà," kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ka ẹ̀ẹ̀mejì náà.

Àkókò ọmọdé tún máa ń dúró síbi tí tiwa kì í dúró. Láti géètì ilé wa dé ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo pinnu pé n kò ní fa ọwọ́ ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, pé ibi tí ó bá dúró sí ni èmi náà yóò dúró sí. Ó kọ́kọ́ dúró níbi ìdérí ìgò kan tó ti rì sínú ọ̀dà títì. Ó fi ìka họ ọ́, kò jáde, ó kí i pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a bá àwọn èèrùn pàdé tí wọ́n ń gbé apá aáyán kan lọ. Apá náà ga ju wọn lọ fíìfíì, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ bí ìgbòkun, tí gbogbo wọn fi ń yà sọ́tùn-ún tí wọ́n tún ń yà sósì. Ọmọ lóṣòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó dákẹ́. N kò rí i kí ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ó ṣe, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé ó máa gba ẹnu ọ̀nà wọn?" Mo wo ihò náà, mo wo apá náà, mo rí i pé ìbéèrè gidi ni. Ìṣẹ́jú 25 ni a fi dé ibi búrẹ́dì, kò sì sí ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ tí ọmọ yẹn fi ṣòfò.

N kò ní kí a máa rìn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ta ló fẹ́ kí ọ̀gá lé òun lẹ́nu iṣẹ́? Ohun tí mò ń dámọ̀ràn ni kí ẹ ya ìrìn méjèèjì sọ́tọ̀. Ní òwúrọ̀ tí ẹ ń kánjú, ẹ gbé e, kí bàtà àti àpò sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti alẹ́ àná. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ráyè, ẹ fún un ní ìrìn kan tí òun ni yóò ṣíwájú, ìbáà jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Kí a fi ẹsẹ̀ ọmọ rìn, kí a fi aago àgbà wọ̀n ọ́n, kí a sì bínú pé wọn kò bára mu, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ gbọ́ àti ọ̀rọ̀ tí a ní lọ́kàn

Ọmọ kékeré máa ń gba ọ̀rọ̀ bí ó ṣe jáde lẹ́nu. Bí iná bá lọ, tí a ní wọ́n ti mú iná, yóò béèrè pé ta ni wọ́n, àti pé ibo ni wọ́n gbé e lọ. Ìyẹn kò ní wàhálà. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí a ti ń sọ òdì ohun tí a ní lọ́kàn. Mo wà nílé ẹbí kan nígbà tí ọmọbìnrin kékeré kan ń fi ife ògì ṣeré, tí díẹ̀ sì dà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ìbínú sọ pé, "Dà á nù tán! Dà á nù tán kí n rí ẹ!" Ọmọ wo ìyá, ó wo ife, ó fara balẹ̀ dà á tán pátápátá, ó sì gbé ojú sókè bí ẹni tó ń retí kí a yin òun. Ìfọ́tí ni ó gbà. Àgbà nìkan ló mọ̀ pé nínú ohùn yẹn, "dà á nù tán" túmọ̀ sí pé kí ó má dà á. Títí di òní, nígbà tí mo bá rántí ojú ọmọ yẹn, inú mi kì í dùn sí ara mi pé n kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "má" náà ṣòro fún wọn. "Má sáré" ń béèrè ohun méjì: kí ó dá eré dúró, kí ó sì fúnra rẹ̀ ronú ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ sọ èyí tí ẹ ń fẹ́: "Rìn jẹ́jẹ́." "Fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú." "Rọra sọ̀rọ̀, Dádì ń sùn."

Ó tún kan èdè ojú, èyí tí àwa Yorùbá fẹ́ràn púpọ̀. A gbà pé ọmọ tí a kọ́, ojú lásán ni a fi ń bá a sọ̀rọ̀: a lọ kí ẹnìkan, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú ọmọ, ìyá ṣẹ́jú sí i, ọmọ ní òun ti yó. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ka irú ojú bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta rí ìyá tó ń ṣẹ́jú, ó sì rí ìrẹsì. Ìrẹsì nìkan ni ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó jẹun níta, ẹ sọ fún un nílé kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe: "Bí wọ́n bá fún ẹ ní nǹkan, wá bi mí kí o tó gbà á." Èmi kò tilẹ̀ rí ohun tó burú nínú kí ọmọ kékeré jẹ ìrẹsì onílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kù sọ́wọ́ olúkúlùkù.

Ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí ó rò pé a mọ̀

Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ Switzerland tí wọ́n bí ní ọdún 1896, tó sì kú ní ọdún 1980, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa wo bí ọmọdé ṣe ń ronú, àwọn ọmọ tirẹ̀ mẹ́ta sì wà lára àwọn tí ó wò fínnífínní. Ìdánwò rẹ̀ kan wà tí ẹ lè ṣe nílé lónìí. Ẹ bu omi sí ife méjì tó jọra, kí ó dọ́gba, kí ọmọ ọdún mẹ́rin fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dọ́gba. Ẹ wá da ọ̀kan lójú rẹ̀ sínú ife tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga, kí ẹ bi í pé èwo ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wọn yóò nawọ́ sí èyí tó ga. Ó máa ń di nǹkan bí ọmọ ọdún méje kí ó tó hàn sí wọn kedere pé ife ló yí padà, omi kò yí padà. Àwọn onímọ̀ tó tẹ̀lé e ti fi hàn pé ó fojú kéré òye ọmọdé níbi púpọ̀, àti pé bí a ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ lè yí ìdáhùn padà, ṣùgbọ́n ti omi inú ife yìí, mo ti dán an wò lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì tíì sú mi.

Òun ló wà nídìí ìjà lórí ẹran. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n ní ègé kan, ẹ gé ti àbúrò sí méjì kí ó lè rọrùn fún un láti jẹ, ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin yóò bú sẹ́kún pé méjì ni wọ́n fún àbúrò òun. Ojúkòkòrò kọ́ ni, àlàyé kò sì ní wọ̀ ọ́ létí. Ẹ gé tirẹ̀ náà sí méjì, ọ̀rọ̀ parí.

Ọmọ kékeré tún máa ń rò pé ohun tí òun mọ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ní ọdún 1983, àwọn onímọ̀ méjì nípa ìrònú ọmọdé, Heinz Wimmer àti Josef Perner, gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti sọ ìtàn fún àwọn ọmọdé nípa ọmọkùnrin kan tó fi ṣokoléètì síbì kan tó sì jáde. Kí ó tó dé, ìyá rẹ̀ ti gbé e síbòmíràn. Wọ́n béèrè pé ibo ni ọmọkùnrin náà yóò ti wá a. Àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin sábà máa ń nawọ́ sí ibi tí ìyá gbé e sí, nítorí pé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Ẹ lè rí irú rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá àgbà pè láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ọmọ mi orí. Ìyá àgbà tún béèrè, ọmọ tún mi orí, ó tilẹ̀ mì í tagbára-tagbára lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni pé adití ni wọ́n ní kí òun bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé á pariwo pé, "Dá Màmá lóhùn!" Bẹ́ẹ̀ ó ti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn tó ṣiṣẹ́ ni, "Màmá kò rí orí ẹ. Fi ẹnu sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Bí ó bá ń sunkún bọ̀ láti ìta, ẹ má ṣe bi í ní "kí ló dé?" nígbà mẹ́wàá, ó rò pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ní kí ó mú yín lọ síbi tó ti ṣẹlẹ̀, kí ó sì fi hàn yín. Bí ó bá sì fọ́ abọ́ lójú yín, ẹ má ṣe bi í pé ta ló fọ́ ọ. Ìbéèrè tí ẹ ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni, irọ́ ni ẹ sì ń pè jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ sọ pé, "Abọ́ ti fọ́. Dúró níbẹ̀ kí n gbá a, lẹ́yìn náà ìwọ yóò bá mi di apẹ́ẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí mú."

Ilẹ̀ tí a ń nà

Bí ọmọ bá ṣubú, a máa ń na ilẹ̀: "Ilẹ̀ burúkú! Kí ló dé tí o gbá ọmọ mi!" Ọmọ á dákẹ́, á máa wo bí ilẹ̀ ṣe ń jìyà. Ohun tó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ni pé lójú ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ohun tó bá ń rìn, tàbí tó bá dun ni, lè ní ọkàn tirẹ̀: òṣùpá ń tẹ̀lé mọ́tò wa, ilẹ̀kùn mọ̀ọ́mọ̀ há òun lọ́wọ́. Èmi náà ti na ilẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ta mí, nítorí náà n kò ka ẹni tó ń nà á sí aláìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo ti jáwọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn: ọmọ ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, àgbà ń wá ohun tó gbé e ṣubú, ẹni tó ń na ilẹ̀ kò sì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ gbé e, ẹ kí i pẹ̀lẹ́, ẹ dárúkọ ibi tó ń dùn ún, nígbà tí ẹkún bá sì rọlẹ̀, ẹ jọ padà lọ wo ohun tó kọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Ọkàn tó ń fún ilẹ̀ ní ẹ̀mí náà ló ń fún òkùnkùn ní ojú. Ẹni tó bá ti sọ fún ọmọ lọ́sàn-án pé òun yóò pe eégún tàbí gbọ́mọgbọ́mọ wá bí kò bá jẹun, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ọmọ náà kò bá jẹ́ kí a pa iná lóru. Bí ó bá ní nǹkan wà lábẹ́ ibùsùn, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀, kí tọ́ọ̀ṣì náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oorun

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019, sọ pé ọmọ ọdún 1 sí 2 nílò oorun wákàtí 11 sí 14 láàárín wákàtí 24, ọmọ ọdún 3 sí 4 sì nílò wákàtí 10 sí 13, oorun ọ̀sán sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣírò ti ọmọ yín. Ọmọ tí a jí ní aago márùn-ún ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, tí kò sì sùn títí aago mẹ́wàá alẹ́, wákàtí 7 ni ó sùn. Bí ó bá sun wákàtí kan lọ́sàn-án, ó di 8. Ọ̀pọ̀ ẹkún àṣálẹ́ tí a ń wá ìdí rẹ̀ kiri, ibẹ̀ ló ti wá. Bí ẹ kò bá lè yí òwúrọ̀ padà, ẹ yí alẹ́ padà, kí ẹ sì kọ́kọ́ pa tẹlifíṣọ̀n.

Bí a ṣe máa bẹ̀rẹ̀

Ẹ má ṣe dán gbogbo èyí wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú wákàtí kan tí ìjà máa ń pọ̀ jù, ìbáà jẹ́ ìwẹ̀, ìbáà jẹ́ aṣọ wíwọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má yí nǹkan kan padà, ẹ kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí ọmọ dúró sí, ohun tó ń pariwo nínú ilé, ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín sọ, bí ó ṣe jáde lẹ́nu yín gan-an. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ó máa ń ti ènìyàn lójú jù, òun náà ló sì máa ń kọ́ni jù. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fi ọwọ́ kan òmíràn. Ẹnìkan nínú ẹbí yóò sọ pé ẹ ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Ẹ kí wọn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ọmọ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó bọ́ àpò rẹ̀ sílẹ̀ láìwo géètì. Ní ọjọ́ kan ní oṣù tó tẹ̀lé e, mo ń ka ìtàn fún gbogbo wọn, ó dìde, ó wá dúró níwájú mi, ó gbé ìka mẹ́ta sókè. Ó ní, "Àńtí, mò ń lọ tọ̀. Màá tọ̀, màá fọwọ́, màá nu ọwọ́, lẹ́yìn náà ni màá dé. Ẹ dúró síbí o."